Géèmù Tó Fúyẹ́, Tó sì Kún: Àwọn Ààyò Mi ní 2024

Kí n tó ra géèmù kankan, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò kì í ṣe àwòrán rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe máàkì tí àwọn alárìíwísí fún un. Ìwọ̀n rẹ̀ ni mo máa ń wò. Gígábáìtì mélòó ni yóò jẹ lára dátà mi? Ṣé láptọ́ọ̀pù tokunbọ̀ tí mò ń lò yóò lè gbé e? Bí iná bá lọ lójijì, ṣé bátìrì á gbé mi dé ibi tí mo ti lè fi eré náà pamọ́? Ẹni tó bá ń gbá géèmù ní Ìbàdàn, tí kì í ṣe ọmọ olówó, mọ̀ pé àwọn ìbéèrè yìí ló máa ń ṣáájú "ṣé ó dùn?"

Àwọn géèmù ńlá jáde ní 2024 lóòótọ́. Final Fantasy VII Rebirth dé ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì. Inú díìsìkì méjì ni wọ́n kó o sí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 150 gígábáìtì. Black Myth: Wukong, tí ilé iṣẹ́ Game Science ṣe ní ilẹ̀ Ṣáínà, jáde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ, kò sì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó fi ta mílíọ̀nù mẹ́wàá. Inú mi dùn fún wọn, torí pé ìtàn ilẹ̀ wọn ni wọ́n gbé jáde, gbogbo ayé sì tò láti rà á. Ṣùgbọ́n àyè 130 gígábáìtì ló béèrè, àyè tó ṣófo lórí láptọ́ọ̀pù mi kò sì tó ìdajì ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti owó lẹ́ẹ̀kan, ká lè gbé e kúrò lọ́nà. Dọ́là 60 sí 70 ni wọ́n ń ta irú géèmù ńlá bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí Ààrẹ fọwọ́ sí fún òṣìṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà jẹ́ 70,000 náírà. Ẹ ṣírò rẹ̀. Géèmù ẹyọ kan ju owó oṣù òṣìṣẹ́ kan lọ.

Àròyé owó kọ́ ni mo wá ṣe, ṣá. Nígbà tí ọdún parí, tí mo jókòó tí mo ń ronú lórí àwọn géèmù tí kò kúrò lọ́kàn mi, àwọn tó fúyẹ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Mi ò ṣàánú wọn, kì í sì í ṣe torí pé àwọn ni apá mi ká ni mo ṣe fẹ́ràn wọn. Wọ́n dára ju ọ̀pọ̀ àwọn ńlá lọ ni. Ẹnì kan, tàbí ènìyàn díẹ̀, ló jókòó tì wọ́n fún ọdún púpọ̀, tí wọ́n ń yọ ohun tí kò wúlò kúrò, títí tó fi jẹ́ pé gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù pátá ló ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìdí tí wọ́n fi fúyẹ́ nìyẹn, ìdí kan náà ló sì jẹ́ kí wọ́n kún.

Ẹ wo Animal Well. Ó jáde ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi 33 mégábáìtì lọ. Àyè tí Black Myth: Wukong nìkan béèrè lè gba Animal Well tó lé ní 3,000. Billy Basso ló dá ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: òun ló kọ kóòdù rẹ̀, òun ló ya àwòrán, òun náà ló ṣe ohùn inú rẹ̀. Ọdún méje ló gbà á. Kódà ẹ́ńjìnnì tó ń gbé géèmù náà rìn, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Kò lo èyí tí gbogbo ènìyàn ń lò, tí ẹrù tí o kò béèrè máa ń bá a wá.

Inú òdòdó ni wàá ti jáde. Nǹkan kékeré roboto kan ni ọ́, o kò ní idà, o kò ní ìbọn. Òkùnkùn yí ọ ká, omi ń kán níbì kan, ẹranko ń wò ọ́ láti inú ewé. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tí wàá gbà. Àwọn ohun èlò tí wàá máa rí lọ́nà dà bí ohun ìṣeré ọmọdé: yóòyóò, fèrè, àwo pẹlẹbẹ tí a ń jù, igi kékeré tí a fi ń fẹ́ omi ọṣẹ di bọ́ọ̀lù, tí wàá sì gun bọ́ọ̀lù náà kọjá kòtò. Ohun tó ya mi lẹ́nu ni pé kò sí èyí tó ní iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú wọn. O lè ti mú yóòyóò kan dání láti àná, kó tó di òní kí o tó mọ̀ pé ó lè wọ ihò tí ìwọ kò lè wọ̀, kó lọ bá ọ tẹ bọ́tìnnì tó wà lẹ́yìn ògiri.

Ní ibì kan, mo gbé àwo kan níwájú ère ajá. Láti ìgbà náà ni iwin ajá yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé mi láti yàrá dé yàrá. Mo ní láti yọ íápíìsì létí kí àyà mi lè rọlẹ̀. Àwòrán tó kéré tó bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ díẹ̀, òun ló bà mí lẹ́rù ju fíìmù ẹlẹ́rù èyíkéyìí lọ lọ́dún náà.

Ẹni tó bá fẹ́ parí rẹ̀ lásán lè parí rẹ̀: á wá iná mẹ́rin rí, á rí òpin eré. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìyẹn ni òmíràn wà, ẹyin 64 tí Basso fi pamọ́ káàkiri inú kànga náà. Abẹ́ ẹyin yẹn tún ni òmíràn, èyí tí ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá yanjú láéláé. Àwòrán ńlá kan wà tí wọ́n pín sí ọ̀nà 50, ìpín kan péré sì ni géèmù náà ń fún oníkálukú. Àfi kí àwọn tí kò mọ ara wọn rí, láti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó tiwọn wá kí wọ́n tò ó pọ̀. Kí géèmù náà tó jáde ni Basso ti gbé èyí sínú rẹ̀. Ó fi ọdún méje ṣiṣẹ́ lórí ohun tó nílò pé kí àwọn àjèjì fọwọ́ sowọ́ pọ̀, láìmọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni máa yọjú. Wọ́n yọjú. Mi ò mọ irú ìgbàgbọ́ tó tó bẹ́ẹ̀ nínú ènìyàn nínú géèmù mìíràn. (Ìpele tó kẹ́yìn pátápátá le ju bó ṣe yẹ lọ lójú tèmi, mo sì rò pé ẹni tó bá dúró níbi ẹyin ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú adùn rẹ̀.)

Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan péré lọ́dún náà, Balatro ni màá mú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú mi. Kò dín ìfẹ́ mi kù.

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, wọ́ọ̀tì nìkan ni káàdì tó lè wọlé. A máa ń gbá a títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí ariwo "pìkì tuu" àti "jẹ́nẹ́rà mákẹ́ẹ̀tì" á gba gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n káàdì tó ní ọba àti ayaba lára, tẹ́tẹ́ ni lójú màmá mi, ẹni tó bá sì gbé e wọlé ti gbé wàhálà wọlé. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé orí pókà ni géèmù tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ dá lé, ọkàn mi kò kọ́kọ́ fà sí i.

Ọmọ Kánádà kan tó fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́ ló ṣe é. LocalThunk ni a mọ̀ ọ́n sí. Ìparí ọdún 2021 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí ohun ìdárayá. Yàtọ̀ sí orin inú rẹ̀, òun nìkan ló ṣe gbogbo rẹ̀, ó sì gbé e jáde ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì 2024. Kí oṣù kan tó pé, ó ti ta mílíọ̀nù kan. Nígbà tí oṣù Kejìlá fi máa dé, ó ti tó mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn mẹ́fà tó ń du ipò géèmù ọdún ní The Game Awards, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Wọ́n á fún ọ ní káàdì mẹ́jọ. Wàá jù sílẹ̀ tó márùn-ún nínú wọn: ó lè jẹ́ méjì tó jọra, ó lè jẹ́ márùn-ún tó tò tẹ̀lé ara wọn, ó lè jẹ́ márùn-ún tó jẹ́ ẹ̀yà kan náà. Ohun tí o bá jù ní pọ́íǹtì, ó sì tún ní iye tí wọ́n fi máa sọ pọ́íǹtì náà di púpọ̀. Bí ó bá tó iye tí wọ́n béèrè, o kọjá. Bí kò bá tó, ó parí, o máa bẹ̀rẹ̀ látorí òfo. Títí dé ibẹ̀, kò sí ohun tuntun. Àwọn jókà ló sọ ọ́ di ohun mìíràn. 150 ni wọ́n, àyè márùn-ún ni wọ́n sì fún ọ láti kó wọn sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń yí òfin eré padà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Baron á sọ iye tí o ní di ìlọ́po kan ààbọ̀ fún ọba kọ̀ọ̀kan tí o dì mọ́wọ́, tí o kò jù sílẹ̀. Blueprint ní tirẹ̀ á ṣe gbogbo ohun tí jókà tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ bá ń ṣe. Ibi tí o tò wọ́n sí pàápàá ní iṣẹ́ tó ń ṣe, torí pé láti òsì sí ọ̀tún ni wọ́n ń ṣiṣẹ́: èyí tó ń fi kún gbọ́dọ̀ ṣáájú èyí tó ń sọ di ìlọ́po.

Àwọn bàbá tó ń ta ayò lábẹ́ igi ọ̀dán ló wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀ta kì í wo ihò kan ṣoṣo. Kó tó gbé ọmọ ayò kan nílẹ̀, ó ti fi ojú ka gbogbo ihò 12, ó ti mọ ibi tí ọmọ tó kẹ́yìn máa bọ́ sí àti ohun tó máa jẹ níbẹ̀. Irú orí bẹ́ẹ̀ ni Balatro ń fẹ́. Ọ̀pẹ á máa retí káàdì tó dára. Ọ̀ta á ti tún àwọn jókà rẹ̀ tò, tó fi jẹ́ pé káàdì yòówù kó bọ́ sí i lọ́wọ́, èrè ni.

Jókà kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, Gros Michel ni wọ́n ń pè é. Ó ń fi 15 kún iye tí wọ́n fi ń sọ pọ́íǹtì rẹ di púpọ̀, ohun ńlá sì ni ìyẹn níbẹ̀rẹ̀ eré. Àmọ́ lópin ìpele kọ̀ọ̀kan, ó lè run: ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́fà. Bó bá ti run, ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn tó ń jẹ́ Cavendish á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú ní ṣọ́ọ̀bù inú géèmù. Ìyẹn ń sọ iye rẹ di ìlọ́po mẹ́ta, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè run: ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,000. Ẹni tó bá mọ ìtàn ọ̀gẹ̀dẹ̀ á rẹ́rìn-ín músẹ́. Gros Michel ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn oníṣòwò ń kó kiri àgbáyé nígbà kan, kó tó di pé àrùn inú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní àrùn Panama jẹ oko rẹ̀ run, tí Cavendish sì gba ipò rẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1970. Ẹ̀yà àrùn náà mìíràn ti ń bá Cavendish jà báyìí. Gbogbo ìtàn yẹn wà nínú káàdì méjì, LocalThunk kò sì kọ gbólóhùn kan láti ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ á mọ̀, ẹni tí kò mọ̀ á ṣáà jẹ èrè ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

Ní ti tẹ́tẹ́ tí màmá mi ń sá fún: lẹ́yìn owó tí o fi rà á, kọ́bọ̀ kan kì í wọlé, kọ́bọ̀ kan kì í jáde nínú Balatro. Síbẹ̀, PEGI, àjọ tó ń sọ ọjọ́ orí tó yẹ fún géèmù kọ̀ọ̀kan ní Yúróòpù, kọ́kọ́ fi 18 sí i lára nítorí àwòrán pókà (oṣù Kejì 2025 ni wọ́n tó dín in kù sí 12), nígbà tí géèmù bọ́ọ̀lù tó ń gba owó gidi lọ́wọ́ ọmọdé fún páálí tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ń gba 3 nígbà náà. LocalThunk bínú sí i ní gbangba ní oṣù Kejìlá, ó sì tọ́ kó bínú. Ẹni tí wọ́n ń fi ojú onítẹ́tẹ́ wò yìí ló ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ ta Balatro fún ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ kankan, wọn kò sì gbọdọ̀ fún wọn láṣẹ láti lò ó, kódà lẹ́yìn ikú òun. Àdúgbò tí mò ń gbé, o kò lè rìn jìnnà kí o tó rí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tí àwọn ọ̀dọ́ kún bámú. Mo mọ ohun tí ọkùnrin náà kọ̀. Owó tí wọ́n lè fi lọ̀ ọ́ kì í ṣe kékeré.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, ó dé orí fóònù. Kò nílò dátà lẹ́yìn tó bá ti wọlé tán, kì í jẹ bátìrì ní àjẹkì, o sì lè dá a dúró níbikíbi. Mo gbá a lórí ìlà epo, mo gbá a nínú mọ́tò tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá, mo gbá a ní báǹkì tí wọ́n ti ní "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí".

UFO 50 jáde ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án, òun ló sì ya mi lẹ́nu jù. Derek Yu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bí ẹni pé ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ UFO Soft wà láyé ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sì "rí" gbogbo géèmù rẹ̀ kó jọ. Kò sí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn fúnra wọn ló ṣe géèmù 50 náà, odindi géèmù ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sì jẹ́. 2017 ni wọ́n ti kéde rẹ̀. Mo ti rò pé wọ́n ti pa á tì. Kì í ṣe gbogbo wọn ni mo fẹ́ràn. Àwọn kan le láìnídìí, àwọn kan sì wà tí mi ò tíì lóye títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ṣùgbọ́n nínú èyí tó ń jẹ́ Mortol, ẹ̀mí rẹ gan-an ni irin iṣẹ́ rẹ: wàá sọ ara rẹ di òkúta, di ọfà, tàbí kí o bú gbàmù, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ọ̀nà kọjá. Mo dúró, mo ronú lórí ìyẹn.

Party House ni mo fi ọ̀pọ̀ alẹ́ gbá jù nínú wọn. Onínàáwó ni ọ́. Wàá ṣí ilẹ̀kùn, àlejò á máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, o kò sì mọ ẹni tó kàn. Àwọn kan ń mú òkìkí wá, àwọn kan ń mú owó, àwọn kan ń mú ìjà. Bí wàhálà mẹ́ta bá pàdé nínú ilé, ọlọ́pàá dé, àríyá tú ká, gbogbo ohun tí o kó lálẹ́ ọjọ́ yẹn sì wọmi. Ọjọ́ 25 ni wọ́n fún ọ láti kó àlejò pàtàkì mẹ́rin jọ síbi àríyá kan ṣoṣo. Láti ìbẹ̀rẹ̀ lo ti ní àwọn ọ̀rẹ́ kan tó máa ń mú òkìkí wá dáadáa, àmọ́ tí wàhálà ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. O nílò wọn, o sì ń bẹ̀rù wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó kọ orúkọ àwọn tí ẹ máa pè sí ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó rí, tí ẹ ti jiyàn lórí bóyá kí ẹ fún ẹ̀gbọ́n kan báyìí ní káàdì ìpè, ẹ kò nílò kí n ṣàlàyé eré yìí síwájú sí i. Mo fi han ìyàwó mi. Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń gbá a jù.

Àwọn ńlá náà ní tiwọn. Astro Bot, tí Team Asobi ṣe ní Tokyo, ló gba ipò kìíní ní The Game Awards ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, mo sì fọwọ́ sí i. Mo gbá a lórí PlayStation 5 àbúrò mi, kò sí ìpele kan tó tún ọgbọ́n ìpele mìíràn lò ní ìlòkulò. Ọjọ́ tí Astro Bot jáde gan-an, 6 oṣù Kẹsàn-án, ni Sony, ilé iṣẹ́ tó ni PlayStation, pa Concord, géèmù ìbọn wọn tó náni lówó gọbọi, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì péré, tí wọ́n sì dá owó àwọn tó rà á padà. Helldivers 2, tí Arrowhead ṣe ní Sweden, dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún, Sony ní dandan ni kí gbogbo ẹni tó ń gbá a lórí kọ̀ǹpútà ní àkáǹtì PlayStation, wọ́n sì yọ ọ́ lórí àtẹ ní ilẹ̀ 177 tí àkáǹtì náà kò ti sí. Nàìjíríà wà lára wọn. Ariwo tí àwọn òǹgbá géèmù pa káàkiri ayé ló mú kí wọ́n jáwọ́ nínú àṣẹ náà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé nígbà tí àwọn aláṣẹ ń ya àwòrán ilẹ̀ tí oníbàárà wọn wà, àwa kò sí lórí àwòrán náà.

Lórí PlayStation àbúrò mi yẹn náà ni mo ti gbá Tales of Kenzera: Zau, tó jáde ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin. Abubakar Salim ló darí rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ìdílé rẹ̀ ti Kẹ́ńyà wá, òṣèré tó ti fi ohùn rẹ̀ ṣe Bayek nínú Assassin's Creed Origins. Bàbá rẹ̀ kú, ọ̀fọ̀ náà sì ni ó sọ di géèmù. Zau, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jogún ìbòjú oòrùn àti ìbòjú òṣùpá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tọ Kalunga lọ, òrìṣà ikú, pé kó dá Baba padà fún òun. Kalunga gbà, bí Zau bá lè mú àwọn ẹ̀mí ńlá mẹ́ta wá fún un. Impundulu, ẹyẹ mànàmáná àwọn ará gúúsù Áfíríkà, wà lára àwọn tí wàá bá jà.

Àwọn kan bu ẹnu àtẹ́ lu ìjà inú rẹ̀ pé kò jinlẹ̀ tó. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Prince of Persia: The Lost Crown, tó jáde ní oṣù Kìíní, dára jù ú lọ ní ti ìjà àti fífò, ó sì fún wa ní ohun tó yẹ kí gbogbo géèmù irú rẹ̀ jí lò: kí o ya fọ́tò ibi tí ọ̀nà ti dí mọ́ ọ, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ máàpù, kí o lè padà wá. Ṣùgbọ́n Kenzera ní ohun kan tí Prince of Persia kò ní. Àwọn igi oṣè wà káàkiri ilẹ̀ náà. Bí o bá dé ìdí ọ̀kan, Zau á jókòó. Kalunga á jókòó tì í. Wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà okun Zau á pọ̀ sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí bàbá mi jáde láyé, mi ò jókòó. Àgọ́ wà láti háyà, màlúù wà láti ná, aṣọ ẹbí wà láti pín, àwọn àna ń bọ̀, àwọn ẹgbẹ́ ìjọ ń béèrè ibi tí wọ́n máa jókòó sí. Wọ́n kí wa kú ara fẹ́ra kù, a dá wọn lóhùn, a sì tún sáré lọ wo ìrẹsì lórí iná. Mi ò kórìíra àṣà náà. Ìnáwó yẹn ni a fi bọlá fún un, inú rẹ̀ ì bá sì dùn. Àmọ́ ní ìdí igi oṣè àkọ́kọ́ yẹn, tí géèmù náà gba pàdì lọ́wọ́ mi, tó ní kí n gbọ́ bí ọmọ kan ṣe ń sọ ohun tó rántí nípa Baba rẹ̀, mo gbé pàdì sílẹ̀, mo sì sọkún. Àbúrò mi wà nínú yàrá. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé fáànù kọjú sí mi.

Ní oṣù Keje, Surgent Studios tó ṣe Kenzera ní láti dá àwọn òṣìṣẹ́ kan dúró; ní oṣù Kẹwàá, wọ́n sọ fún gbogbo àwọn tó kù nínú ẹ̀ka géèmù pé iṣẹ́ wọn wà nínú ewu, torí pé owó géèmù tó kàn kò tíì sí. Oṣù Kẹwàá yẹn náà ni ìròyìn jáde pé wọ́n ti tú ẹgbẹ́ tó ṣe Prince of Persia ká, tí wọ́n pín wọn sí iṣẹ́ mìíràn. Méjì nínú géèmù tó fọwọ́ kàn mí jù lọ́dún náà, kò dájú pé àwọn tó ṣe wọ́n á tún jókòó sí yàrá kan náà mọ́. Ó dùn mí gan-an.

Ohun mìíràn wà tó pa àwọn méjèèjì pọ̀. O lè gbá Prince of Persia kí gbogbo ẹni inú rẹ̀ máa sọ èdè Páṣíà. O lè gbá Kenzera kí Zau máa bá Kalunga jiyàn ní èdè Swahili láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti parí rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì tún ń gbá a lẹ́ẹ̀kejì báyìí ní Swahili, èdè tí mi ò gbọ́, mò ń ka àkọlé ìsàlẹ̀, inú mi sì ń dùn fún àwọn ọmọ Mombasa tó ń gbọ́ ọ tààrà. Èmi náà fẹ́ irú rẹ̀. Mo fẹ́ géèmù tí ìyálọ́jà inú rẹ̀ á fi Ẹ̀gbá dá mi lóhùn tí mo bá ná ọjà rẹ̀ ní ìnákúnàá, tí egúngún inú rẹ̀ á fi ohùn ará ọ̀run pè mí, tí ọ̀tá tó bá ṣẹ́gun mi á fi Ìjẹ̀bú dá mi lẹ́kun. Basso ti fi hàn pé 33 mégábáìtì tó, pé ẹnì kan tó. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tó ń kà mí bá ń ṣe irú rẹ̀ lọ́wọ́ ní Yábàá, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Peckham, ẹ kọ̀wé sí mi. Màá bá yín gbá a wò lórí láptọ́ọ̀pù tokunbọ̀ yìí, màá sì sọ òótọ́ ohun tí mo bá rí níbẹ̀ fún yín.